Ara Yíyá Kọ́ Ni Òpin Oògùn: Ìdí Tí Sítẹ́rọ́ìdì Fi Gbọ́dọ̀ Dínkù Díẹ̀díẹ̀

Sítẹ́rọ́ìdì ni àwọn oògùn tí dókítà máa ń kọ fún àìsàn tó ń mú kí ara wú, kó gbóná, kó sì máa ro láti inú wá, fún oṣù tàbí fún ọdún. Prednisolone ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tí oríkèé ọwọ́ rẹ̀ wú débi tí kò lè di ọwọ̀ mú láàárọ̀ a máa lò ó. Ẹni tí àrùn lupus ń bá fínra a máa lò ó. Ẹni tí asíímà há èémí mọ́ láyà, ọmọ tí kíndìnrín rẹ̀ ń jẹ́ kí èròjà ara máa bá ìtọ̀ lọ, alárùn ẹ̀tẹ̀ tí iṣan ara rẹ̀ wú lójijì, gbogbo wọn ni oògùn yìí ti gbà sílẹ̀. Nínú àwọn àìsàn wọ̀nyí, agbára tí ara fi ń gbèjà ara rẹ̀ ló kọjá ààlà, tó wá ń ba ohun tó yẹ kó dáàbò bò jẹ́. Sítẹ́rọ́ìdì ló ń dá a lẹ́kun.

Èrò tó gbilẹ̀ nípa lílo oògùn yìí kò ju gbólóhùn kan lọ: bí ara bá ti yá, oògùn parí. Èrò náà wà ní Etioro-Àkókó, ó wà ní Ọ̀kà tó jẹ́ ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ tí Etioro wà lábẹ́ rẹ̀, ó wà ní Ìkàrẹ́, ó sì wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Àgbà ń sọ ọ́ fún ọmọ, aládùúgbò ń sọ ọ́ fún aládùúgbò, ẹni tó ń ta oògùn náà ń sọ ọ́ fún oníbàárà. Èrò náà kò tọ̀nà, ó sì léwu. Fún ẹni tó ti lo sítẹ́rọ́ìdì ju ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 lọ, ọjọ́ tí ara yá ni ìdajì kejì ìtọ́jú ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìdajì kejì yìí ni dídín oògùn náà kù díẹ̀díẹ̀ títí ara yóò fi lè dá dúró. Ẹni tó bá fò ó ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu, bó tilẹ̀ ń rìn kiri bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

Kò ṣòro láti mọ ibi tí èrò náà ti wá. Oògùn ibà tó wọ́pọ̀ jù lóde òní kò ju ọjọ́ 3 lọ. Ẹni tí orí ń fọ́ a lo parasitamọ́ọ̀lù, ẹ̀fọ́rí a lọ, ọ̀rọ̀ oògùn a sì tán. Àgbo inú ìkòkò pàápàá, ìgbà tí ara alágbo bá ti mókun ni wọ́n ń da egbò inú rẹ̀ nù. Láti inú gbogbo èyí ni ará ilé ti kọ́ ọ pé ara aláìsàn ni ẹlẹ́rìí tó dájú jù. Fún irú oògùn wọ̀nyẹn, ẹ̀kọ́ náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, nítorí kò sí ẹ̀yà ara kankan tí parasitamọ́ọ̀lù gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Sítẹ́rọ́ìdì ní tirẹ̀ ń gba iṣẹ́ ẹ̀yà ara kan ṣe, ibẹ̀ ló sì ti yàtọ̀ sí oògùn yòókù.

Lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀yà kékeré kan wà tó ń pèsè họ́mọ̀nù tí wọ́n ń pè ní cortisol. Cortisol ló ń fún ènìyàn lókun àtijí lówùúrọ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá dìde, òun ni kì í jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tán nígbà tí ebi bá ń pani, òun ló sì máa ń pọ̀ sí i nígbà tí ibà, ọgbẹ́ tàbí iṣẹ́ abẹ bá dé bá ara. Ọpọlọ ló ń pàṣẹ fún ẹ̀yà náà. Bí cortisol bá lọ sílẹ̀, àṣẹ a jáde. Bó bá pọ̀, ọpọlọ a dákẹ́. Prednisolone jọ cortisol débi pé ọpọlọ kò lè mọ èyí tí ara pèsè yàtọ̀ sí èyí tí ènìyàn gbé mì. Ohun tí ara ń pèsè lóòjọ́ kò sì ju nǹkan bíi 4 sí 6 mílígíráàmù prednisolone lọ.

Nígbà tí ènìyàn bá wá ń gbé 40 mg mì lójúmọ́, tàbí 20, tàbí 10 pàápàá, ọpọlọ a rí i pé cortisol ti kún ilé, a sì dẹ́kun àṣẹ pípa. Ẹ̀yà orí kíndìnrín a jókòó láìníṣẹ́. Bó bá jẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni, kò séwu. Yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́gán. Bó bá jẹ́ oṣù mélòó kan, ẹ̀yà náà a súnkì, agbára rẹ̀ a sì lọ. Ó lè gbà á tó ọ̀sẹ̀, ó lè gbà á tó oṣù, nígbà mìíràn ó máa ń lé ní ọdún kan kó tó tún lè ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Ẹni tó bá da hóró oògùn rẹ̀ nù ní àkókò yìí kò ní cortisol láti ìta, kò sì ní láti inú. Òòyì a máa kọ́ ọ, èébì a máa gbé e, ìfúnpá rẹ̀ a já, ṣúgà rẹ̀ a lọ sílẹ̀. Bí kò bá tètè rí abẹ́rẹ́ hydrocortisone gbà, ó lè kú. Èyí kò ní í ṣe pẹ̀lú bóyá àìsàn tó mú un lo oògùn náà ti lọ tàbí kò tíì lọ. Làkúrègbé lè ti rọlẹ̀ pátápátá, kí àìsí cortisol sì pa ẹni tó ní in.

Ìtàn oògùn náà fúnra rẹ̀ ti kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 1948, dókítà Philip Hench fún obìnrin ẹni ọdún 29 kan ní abẹ́rẹ́ cortisone, irú sítẹ́rọ́ìdì kan, ní ilé ìwòsàn Mayo, ní ìlú Rochester ní Amẹ́ríkà. Làkúrègbé ti dá obìnrin náà dùbúlẹ̀. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láàárín ìlú. Ayé gbọ́, ẹnu sì yà á. Ní 1950, Hench, Edward Kendall àti Tadeus Reichstein gba ẹ̀bùn Nobel. Inú òróòro màlúù ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń yọ oògùn náà, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni wọ́n ń rí. Àwọn onímọ̀ òkèèrè wá dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti wá èso Strophanthus, ìtàkùn tí àwọn ọdẹ fi ń po oró ọfà, bóyá wọn yóò rí èròjà oògùn náà nínú rẹ̀. Inú iṣu ìgbẹ́ ilẹ̀ Mexico ni wọ́n ti padà rí ọ̀nà tó rọrùn. Percy Julian, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, sì fi ẹ̀wà sóyà la ọ̀nà tirẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1955, prednisone àti prednisolone ti jáde, oògùn náà sì di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà.

Ṣùgbọ́n Hench rí ohun kejì tí àwọn tó ń yọ̀ kò fẹ́ẹ́ gbọ́: nígbàkígbà tí abẹ́rẹ́ bá dúró, àìsàn a padà. Ní 1952, ìwé ìròyìn àwọn dókítà Amẹ́ríkà, JAMA, gbé ìròyìn ọkùnrin ẹni ọdún 34 kan jáde. Làkúrègbé ló ní, ó sì ti lo cortisone fún nǹkan bí oṣù 8. Wọ́n dá oògùn náà dúró nítorí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un, ó sì kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ẹ̀yà orí kíndìnrín rẹ̀ ti súnkì. Ó ti lé ní 70 ọdún tí ìmọ̀ yìí ti wà. Ẹni tó bá ṣì ń sọ pé kí aláìsàn da oògùn nù nítorí ara ti yá ń sọ ohun tí ikú ti já ní irọ́ tipẹ́.

Àwọn tó di èrò náà mú ní ìdí mẹ́rin tí wọ́n máa ń tọ́ka sí. Ó yẹ kí á gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìdí kìíní ni pé ara kì í parọ́. Wọ́n ní ẹni tí kò lè gbé ẹsẹ̀ lánàá, tó wá ń lọ sóko lónìí, ara rẹ̀ ti sọ òtítọ́. Òtítọ́ ni ara sọ lóòótọ́. Ohun tó sọ ni àwọn tó gbọ́ ọ kò yé. Ìlera tó dé lọ́jọ́ kẹta tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ prednisolone kì í ṣe ti ara. Oògùn ló bo àìsàn náà mọ́lẹ̀, àìsàn náà sì wà níbẹ̀ tó ń dúró de ìgbà tí wọn yóò ká ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Nítorí èyí ni dókítà fi máa ń kọ oògùn mìíràn mọ́ ọn, irú methotrexate tàbí hydroxychloroquine. Àwọn wọ̀nyí kì í yára, wọ́n lè gba ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù kí wọ́n tó ràn, ṣùgbọ́n àwọn ni wọn yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ sítẹ́rọ́ìdì. Bí sítẹ́rọ́ìdì bá kúrò kí wọ́n tó dé, àìsàn ti rí àyè.

Ìwádìí kan tí wọ́n pè ní SEMIRA, tó jáde ní 2020, fi èyí hàn kedere. Àwọn 259 tí làkúrègbé ń bá jà ni wọ́n kó jọ, tí ara gbogbo wọn sì ti rọlẹ̀ lórí oògùn mìíràn pẹ̀lú 5 mg prednisone. Wọ́n ní kí apá kan máa bá 5 mg lọ. Apá kejì ń fi 1 mg dín tirẹ̀ kù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin títí ó fi tán. Ní òpin ọ̀sẹ̀ 24, ìdá 77 nínú 100 àwọn tó ń bá a lọ ni àìsàn wọn ṣì wà ní ìkáwọ́. Láàárín àwọn tó dín in kù, ìdá 65 nínú 100 ni. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, ẹni 2 nínú 3 ló bọ́ lọ́wọ́ oògùn náà ní ìrọ̀rùn nígbà tí wọ́n fi ẹ̀sọ̀ ṣe é, kò sì sí ẹni tí ìdákú àìsí cortisol bá. Èkejì, ara àwọn tó kù yá bí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ kò ṣeé ṣe fún wọn. Kò sí ẹni tó lè fi bí ara ṣe rí lọ́jọ́ kan mọ ẹgbẹ́ tí òun wà. Sísọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nìkan ló ń fi í hàn.

Ìdí kejì ni pé sítẹ́rọ́ìdì burú, nítorí náà kí ènìyàn tètè sá fún un. Apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé já ní koro. Lílo prednisolone fún ìgbà pípẹ́ a máa mú kí ojú kún, kí ẹ̀yìn ọrùn yọ gègè, kí awọ ara fẹ́lẹ́ débi tí ìfarapa díẹ̀ á fi sọ ọ́ di dúdú. A máa mú ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru wá, a máa sọ egungun di ẹlẹgẹ́, a máa jẹ́ kí ojú ṣú, a sì máa ṣílẹ̀kùn fún ikọ́ àwúgbẹ àti àwọn àrùn mìíràn. Obìnrin tí ojú rẹ̀ kún yóò gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ará ọjà. Òmíràn a ní ìgbádùn ló ń jẹ, òmíràn a ní àìsàn burúkú kan ló wà lára rẹ̀. Ìnira gidi nìwọ̀nyí, kò sì sí dókítà tó mọṣẹ́ tí kò fẹ́ kí aláìsàn rẹ̀ bọ́ nínú wọn. Ìlànà EULAR, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oríkèé ara ní Yúróòpù, sọ ní 2023 pé bí alárùn lupus yóò bá wà lórí prednisolone fún ìgbà pípẹ́, kó má kọjá 5 mg lóòjọ́, kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò pátápátá bó bá ṣeé ṣe.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ni kò dúró. Pé nǹkan burú kò sọ pé kí ènìyàn fò kúrò nínú rẹ̀ lójijì. Ẹni tó wà lókè àgbọn mọ̀ pé ibẹ̀ léwu, síbẹ̀ kì í fò bọ́ sílẹ̀. Ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ ni. Ewu tí ń bẹ nínú ìwọ̀n tó pọ̀ ń dínkù bí ìwọ̀n náà ti ń dínkù: ojú a fọn, ṣúgà a padà sípò, ìfúnpá a rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí aláìsàn ń sá fún ni sísọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ń mú kúrò, láìfi ẹ̀mí rẹ̀ wewu bí ìdádúró lójijì ti ń ṣe. Yorùbá ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Àwọn tó ń pa òwe yìí lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti lórí ọ̀rọ̀ oyè ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ pa á lórí oògùn yìí.

Ìdí kẹta máa ń yọjú nígbà tí ẹni náà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí dín in kù. Ara a bẹ̀rẹ̀ sí ro ó, yóò máa rẹ̀ ẹ́, oúnjẹ kì í wù ú, oorun a fò lójú rẹ̀, inú rẹ̀ a máa bàjẹ́ láìnídìí. Àwọn ará ilé a ní: «Ẹ ò rí i pé oògùn yìí ò dáa?» Àwọn mìíràn a ní àìsàn ti padà dé, kó tètè padà sórí ìwọ̀n àtijọ́. Àwọn mìíràn a ní ọwọ́ ayé ni. Kò sí ohun tó burú nínú àdúrà, àdúrà kò sì dí oògùn lọ́wọ́. Ohun tó burú ni pé kí wọ́n ti ipa ìrora yìí da oògùn náà nù lójijì, tàbí kí wọ́n sáré gbé e padà sókè láìbi ẹnikẹ́ni.

Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè fa ìnira yìí, wọ́n sì ṣeé yà sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ara ń ṣe àárò oògùn tó ti mọ́ ọn lára. Gbogbo ara ni yóò máa ro, láìsí ibi kan tó wú tàbí tó gbóná, ó sì sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 2. Èkejì ni pé àìsàn náà ti gbérí lóòótọ́. Ibi tó ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀ gan-an ni yóò padà sí: oríkèé ìka a wú, a gbóná, ara a gan láàárọ̀ fún ju wákàtí kan lọ, bó bá jẹ́ lupus inú kíndìnrín, ìtọ̀ a máa hó, ẹsẹ̀ a sì wú. Ẹ̀kẹta ni àìsí cortisol: òòyì bí ó bá dìde, ìríra oúnjẹ, èébì, inú rírun, òógùn tútù, àìlera tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí èkíní bá bá nílò sùúrù àti àtìlẹ́yìn, bó bá sì le jù, dókítà lè dá a padà sí ìwọ̀n tó kúrò lórí rẹ̀ kẹ́yìn kó tún sinmi níbẹ̀. Ẹni tí èkejì bá bá nílò kí wọ́n tún ìtọ́jú rẹ̀ gbé yẹ̀ wò. Ẹni tí ẹ̀kẹta bá bá nílò ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìdí kẹrin ni pé irú ìtọ́jú ẹlẹ́sọ̀ báyìí, ti àwọn òyìnbó àti ti àwọn ará ìlú ńlá ni, kò ṣeé ṣe níbi tí kò sí dókítà àgbà nítòsí. Ìgbà kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń sọ pé àrùn bíi lupus kò sí lára aláwọ̀ dúdú Áfíríkà. Olufemi Adelowo, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú dókítà oríkèé ara ní Nàìjíríà, àti Oguntona tẹ ìwádìí jáde ní 2009 lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà 66 tó ní in. Àìsàn náà wà níbí, ìtọ́jú rẹ̀ náà sì lè wà níbí. Ẹ̀rí tó lágbára jù ni ti ẹ̀tẹ̀. Bí iṣan alárùn ẹ̀tẹ̀ bá wú, ọ̀kan lára ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi lélẹ̀ ni 40 mg prednisolone fún ọ̀sẹ̀ 2, lẹ́yìn náà 30, lẹ́yìn náà 20, 15, 10, 5, ọ̀sẹ̀ 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko ló ti ń tọ́ àwọn aláìsàn sọ́nà lórí ìlànà yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní àwọn abúlé tí ọ̀nà wọn kò dára. Bí alárùn ẹ̀tẹ̀ ní ìgbèríko bá lè sọ̀kalẹ̀ ní ìpele 6 láìṣubú, kò sí ohun tó ní kí alárùn làkúrègbé ní Etioro má lè ṣe é.

Bí sísọ̀kalẹ̀ náà ti ń lọ kò fara sin. Láti òkè, ìgbésẹ̀ a máa tóbi: ẹni tó wà lórí 40 mg lè fi 5 mg dín in kù lọ́sẹ̀ kan. Bó bá ti sún mọ́ 10 mg, ìgbésẹ̀ a kéré sí i. Láti 5 mg wálẹ̀, 1 mg lóṣù ni ó sábà máa ń jẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ara ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pèsè tirẹ̀. Dókítà ni yóò pinnu ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó tún lè ní kí wọ́n yẹ cortisol inú ẹ̀jẹ̀ wò láàárọ̀ kí oògùn tó kúrò pátápátá: bó bá ti lé ní 300 nmol/L, ara ti padà sẹ́nu iṣẹ́, bí kò bá tó 150, kò tíì yá. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ họ́mọ̀nù ti Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà jọ gbé jáde ní 2024 nìyẹn. Ẹni tí kò bá rí àyẹ̀wò yìí ṣe ṣì lè máa sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ìṣọ́ra.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ojoojúmọ́. Hóró 5 mg ló wọ́pọ̀ ní ọjà. Èyí tó jẹ́ 1 mg ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí wọ́n bá ní kó lo 7.5 mg yóò gbé hóró kan lé orí àwo pẹrẹsẹ, yóò gbé ojú abẹ tuntun sí orí ilà tó wà láàárín rẹ̀, yóò sì fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ìdajì kan bá kéré ju èkejì lọ, kó lo èyí tó kéré lónìí kó sì lo èyí tó tóbi lọ́la, kó má fọ́ òmíràn títí wọn yóò fi tán. Inú ìgò gbígbẹ ni kí ìdajì tó kù wà, nítorí òtútù òjò a máa sọ ọ́ di ẹ̀tù. Hóró tí wọ́n fi nǹkan bò kó má baà ta inú kò ṣeé gé. Kí ẹni náà béèrè lọ́wọ́ apòògùn kó tó gbé abẹ. Nígbà tí gígé kò bá lè fúnni ní ìwọ̀n tó kéré tó, dókítà lè ní kó lo 5 mg lónìí, 2.5 mg lọ́la, kó máa tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Kàlẹ́ńdà tí wọ́n fi ń ṣe ìrántí òkú, tó wà lára ògiri ilé gbogbo, wúlò fún èyí: kí wọ́n kọ ìwọ̀n ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sójú ọjọ́ náà ṣáájú, kí ẹni náà sì fa ilà sí i lẹ́yìn tó bá lò ó tán.

Àárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, ni àkókò oògùn náà, nítorí àárọ̀ ni ara fúnra rẹ̀ máa ń pèsè cortisol jù, lílò ó lálẹ́ sì ń lé oorun lọ. Mùsùlùmí tó bá fẹ́ gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì ní láti bá dókítà sọ̀rọ̀ ṣáájú. Bí dókítà bá gbà, ìdí sààrì ni yóò ti lò ó. Bákan náà ni Kristẹni tó fẹ́ gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ẹni tí cortisol rẹ̀ kò tíì padà, ebi lè sọ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Ibà ni ìdánwò tó le jù ní agbègbè tí ẹ̀fọn ti pọ̀. Ara tó yè máa ń fi kún cortisol rẹ̀ nígbà tí ibà bá dé. Ara ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ibà bá mú un gidi, ẹni tó wà lórí 5 mg sábà máa ń lo ìlọ́po méjì fún ọjọ́ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí dókítà bá ti là á sílẹ̀, kó tó padà síbi tó wà. Bó bá ń bì débi tí oògùn kò lè dúró nínú rẹ̀, kò sí ìdúró mọ́: abẹ́rẹ́ hydrocortisone ló kàn, 100 mg fún àgbàlagbà. Ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ìkàrẹ́ tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ ni kí àwọn ará ilé gbé e lọ, kí wọ́n sì kọ́kọ́ sọ fún nọ́ọ̀sì pé sítẹ́rọ́ìdì ni ẹni yìí ń lò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, káàdì pàjáwìrì sítẹ́rọ́ìdì ti wà láti 2020 fún irú ọjọ́ yìí. Ìwé pélébé tí dókítà kọ orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí lò ó, tí wọ́n fi sínú ọ̀rá tí wọ́n sì fi sínú pọ́ọ̀sì, yóò ṣe iṣẹ́ kan náà ní Àkókó.

Àwọn kan wà tí gbogbo ìkìlọ̀ yìí kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé sítẹ́rọ́ìdì ni àwọn ń lò. Ẹni tí orúnkún ń ro a dé ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì, wọ́n a bá a po hóró funfun, hóró pupa àti hóró róbótó kan sínú ọ̀rá kékeré, wọ́n a ní oògùn làkúrègbé ni. Hóró róbótó yẹn lè jẹ́ dexamethasone tàbí prednisolone. Ìrora a lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, onítọ̀hún a padà wá lọ́sẹ̀ kejì, a sì di oníbàárà ọdún. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń ra dexamethasone láti fi sanra. Òfin kò fún ẹni tó ní ìwé àṣẹ oògùn pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ láyè láti ta oògùn tó nílò ìwé dókítà. Ẹni tó tà á láìsọ orúkọ rẹ̀ ti ṣe ju rírú òfin lọ: ó ti gba ìmọ̀ tí ẹni náà ìbá fi gba ara rẹ̀ là kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí owó bá tán tàbí tí ṣọ́ọ̀bù bá tì, ẹni náà yóò dá oògùn dúró lójijì láìmọ̀, bó bá sì dákú, kò sí ẹni tí yóò mọ ohun tó ṣe é. Ẹni tó bá ti ń lo irú oògùn àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́ kò gbọ́dọ̀ jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kó kó ọ̀rá náà pẹ̀lú ohun tó kù nínú rẹ̀, kó gbé e lọ bá dókítà.

Ààlà ọ̀rọ̀ yìí náà ṣe pàtàkì, kí ẹ̀rù má baà ba ẹni tí kò yẹ kó bà. Ẹni tí wọ́n fún ní prednisolone fún ọjọ́ 5 sí 7 nítorí asíímà lè dá a dúró lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó dá a dúró. Dexamethasone 6 mg tí ìwádìí RECOVERY ní 2020 fi hàn pé ó ń gba ẹ̀mí àwọn alárùn COVID-19 tó wà lórí afẹ́fẹ́ oxygen là kò ju ọjọ́ 10 lọ, kò sì nílò àtẹ̀gùn ìsọ̀kalẹ̀. Àwọn tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ni ọ̀rọ̀ kàn, pàápàá àwọn tó ti lò ó fún oṣù àti ọdún.

Fún àwọn wọ̀nyí, iṣẹ́ ìsọ̀kalẹ̀ kì í ṣe ti aláìsàn nìkan. Ọkọ, aya tàbí ọmọ nínú ilé ni yóò máa wo kàlẹ́ńdà pẹ̀lú rẹ̀, tí yóò mọ̀ pé àárẹ̀ rẹ̀ ní oṣù yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ, tí yóò sì gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbà iṣẹ́ oko. Dókítà ni yóò kọ ìpele gbogbo sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní èdè tí onítọ̀hún lè kà, dípò kó kàn ní kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Apòògùn ni yóò sọ fún un ṣáájú bí oògùn bá fẹ́ tán, kó má baà já sí àìlò fún ọ̀sẹ̀ kan láàárín. Bí hóró ìkẹyìn bá sì ti tán, ó kù ọdún kan gbáko tí ẹni náà, àti àwọn tó sún mọ́ ọn, gbọ́dọ̀ máa sọ fún gbogbo dókítà àti nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, tó fẹ́ gbẹ̀bí rẹ̀, tàbí tó ń tọ́jú ibà líle lára rẹ̀, pé ó ti lo sítẹ́rọ́ìdì rí, àti ọjọ́ tó lò ó kẹ́yìn.